Lẹ́tà Kẹrin

Lẹ́tà kẹrin dé lánàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Winnipeg.
Mo mọ̀ ọ́n kí n tó ya á:
àpò ìwé fẹ́lẹ́, fèrèsé kékeré níwájú, orúkọ mi nínú fèrèsé,
Ọ̀ṣúnlékè, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Àwòrán alùpùpù mi ló wà nínú rẹ̀, láti ẹ̀yìn,
nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere,
èmi náà tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sá fún òjò.
Kò sí òjò lọ́jọ́ náà.
Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni, ní ìdájí,
mo ń lọ sílé ìfọṣọ ọsibítù,
níbi tí aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ti ń dúró dè mí nínú agbọ̀n.

Orest Bilyk ni mo máa ń bú.
Aládùúgbò mi, irùngbọ̀n funfun, jákẹ́ẹ̀tì awọ,
alùpùpù rẹ̀ a máa bú ramúramù bí kìnnìún tó jẹ ata.
Ọjọ́ Sáńdè nìkan ló ń gùn ún,
a lọ sí Gimli, a wo adágún, a padà wálé.
Mo ti wí fún ìyàwó mi láìmọye ìgbà
pé ọkùnrin yìí ni wọn yóò mú lọ́jọ́ kan.
Ọdún mọ́kànlélógún. Orest kò gba lẹ́tà kan rí.

Lálẹ́ àná mo tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì ìdáná.
Méjì fún eré, ọ̀kan fún iná tó ti pupa,
ọ̀kan tí ọlọ́pàábìnrin kan kọ lé mi lọ́wọ́ ní igun Sargent.
Mo rò pé mo máa rí aláṣejù kan nínú wọn.
Ta ni mo rí?
Òṣìṣẹ́ ìdájí kan, ojú ọ̀nà kan náà,
kìlómítà mẹ́ta péré, láàárín ilé àti ibi iṣẹ́.
N kò rú òfin rí lójú ọ̀nà tí n kò mọ̀.
Níbẹ̀, bí ọkọ ìyàwó tuntun nílé àna ni mo ń ṣe,
mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, mo ń kí gbogbo pátákó.
Ọ̀nà tó mọ̀ mí ni mo ń fojú di.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Kò bẹ̀rẹ̀.
Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì a máa kan ilẹ̀
níwájú pátákó pupa tó ní kí n dúró.
Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ kan.
Nígbà tó tún yá, ṣóńṣó bàtà.
Lẹ́yìn náà, mo kàn ń mi orí sí i
bí a ti ń mi orí sí ẹni tí a jẹ lówó díẹ̀.
Oṣù márùn-ún péré ni yìnyín fi ń yá wa lọ́nà nílùú yìí;
ohun àyálò, ìkánjú la fi ń lò ó.

Mọrẹ́nikẹ́ kò pariwo. Ó ka iye owó ìtanràn, ó dákẹ́,
ó wá ní, "Ta ló ń gun alùpùpù yẹn,
ìwọ ni, àbí ọ̀nà?"

Ní ìdájí òní mo dé igun Sargent.
Mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.
Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n lábẹ́ mi
bí ẹran tí ìdúró náà kò yé.
Mo wo ọ̀tún. Ilé kan wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ dúdú bí aró.
Ọdún mẹ́fà, n kò rí i rí.
Obìnrin arúgbó kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń mu tíì,
ó gbé ife sókè sí mi
bí ẹni tó ti ń retí ìkíni ọjọ́ pípẹ́.

Mọ́tò kan fọn fèrè lẹ́yìn mi.
N kò lè búra fún ọ̀la;
bárakú kì í gbọ́ ìbáwí lẹ́ẹ̀kan.
Mo gbé ọwọ́ sókè sí ìyá náà, mo yí iná,
mo sì lọ síbi iṣẹ́, mo fi ìṣẹ́jú kan pẹ́.